Ẹja Irọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá

Mo tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. A dé ibẹ̀ ní agogo méje, wọn kò pè wá títí di mọ́kànlá. Àga ibẹ̀ le. Mo ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, mo rí àṣìṣe mẹ́rin.

Ojú òsì ti lọ, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ti ọ̀tún tó ń ṣe kùrukùru ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn báyìí, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Mo bi dókítà bóyá yóò ríran lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, a máa sa gbogbo ipá wa." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan máa dáa kì í sọ̀rọ̀ ipá.

Mo sin Ẹ̀gbọ́n dé ilé rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kọ́má," ó ní. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa wá àṣìṣe nínú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. "Ohun funfun nìkan ni mò ń rí dáadáa báyìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú yìí, mo fẹ́ rí ẹja kan tó gòkè wá gbé ẹja irọ́, irun lásán tí a dì mọ́ ìwọ̀ láti fi tàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọwọ́ mi ṣì lè ju ìwọ̀, àmọ́ mi ò rí òwú mọ́. Ìwọ lo máa bá mi dì í."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò dì í rí."

"Wọn kì í bí i mọ́ ènìyàn."

"Ẹ ò ṣe ra èyí tí wọ́n ń tà?"

"Èyí tí wọ́n ń tà, ẹja odò wa ti mọ ojú gbogbo wọn."

Mo ṣí agolo náà nílé. Fáìsì kékeré tó ń di ìwọ̀ mú, òwú funfun àti dúdú, ìwọ̀ mẹ́tàdínlógún, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ mú, ìgò ọ̀dà èékánná tí wọ́n fi ń rẹ́ òwú mọ́lẹ̀, àti ìdì irun ewúrẹ́ funfun tí kòkòrò ti jẹ dé ìdajì. Ẹja irọ́ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dì ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ìpata ti jẹ ìwọ̀ rẹ̀. Kò gùn ju ọmọ-ìka mi lọ. Ikùn funfun, ẹ̀yìn dúdú, ojú wínníwínní méjì. Mo gbé e sílẹ̀ kíá, ẹ̀rù ń bà mí kí ó má fò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Mo gbé tábìlì lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ìyàwó mi, Ìyá wọn, ní orí tábìlì yẹn lòun ti ń gé àlùbọ́sà, pé ṣé orí ìtàn òun ni kí òun ti máa gé e báyìí.

Òwú já lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣíwọ́ kíkà. Tí mo bá fà á, á já. Tí mi ò bá fà á, irun á máa yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń sá kúrò nípàdé.

Ìwọ̀ gún mi ní àtàǹpàkò. Mo da ọtí líle díẹ̀ sí i. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú bóyá ó ń wú. Kò wú. Síbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo parí ọ̀kan. Mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé yóò gbé e sún mọ́ ojú, ṣùgbọ́n ètè ìsàlẹ̀ ló gbé e lé, ó rọra ń wọ́ ọ láti orí dé ìrù. Mo ní ìwọ̀ á gún un.

"Ètè mi ti mọ ìwọ̀ kí o tó mọ a-bí-dí," ó ní.

Ó fi èékánná wá orí rẹ̀ kiri. "Níbo ni mo máa ki okùn bọ̀?"

Mo wò ó. Mo ti fi òwú bo ihò iwájú ìwọ̀ pátápátá. Mo fi ọjọ́ méjì di ohun tí kò ṣe é so mọ́ okùn.

"Fi àyè sílẹ̀ níwájú," ó ní. "Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló máa ń jẹ àyè yẹn. Wọ́n á máa rò pé ọ̀nà ṣì jìn."

Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Irun rẹ̀ kò mì. Ó dá a padà fún mi láìsọ nǹkan kan. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Odò pọ́n bí ẹrẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Irun ewúrẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá irun funfun èyíkéyìí, tó bá ṣáà ti gùn. Mo lọ sọ́dọ̀ onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbàfọ̀. Obìnrin mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba owó orí.

"Bàbá, ẹ máa wọlé, a ò ní fá yín lórí," onídìrí ní. Orí mi ti pá láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Irun ni mo wá wá. Funfun."

"Èyí tí gbogbo ayé ń sá fún lẹ̀ ń wá? Ta lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́?"

"Ẹja ni."

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín títí tó fi di àga mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹja yẹn mọ ìyàwó ilé?"

Mo fẹ́ yí padà. Onídìrí ti ń tú àpótí rẹ̀. Ó mú irun àtọwọ́dá funfun kan jáde, ìdì kékeré, èyí tí àwọn onítíátà ní kí ó bá wọn wá tí wọn kò sì padà wá gbà. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní tí ẹja náà bá ti múra tán kí n mú un wá kí òun wò ó.

"Àmọ́ òun nìkan ló wà o, Bàbá. Tó bá tán, ẹ lọ fá irùngbọ̀n ẹnìkan."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo parí mẹ́ta, mo tú méjì. Ọ̀kan, ìrù rẹ̀ gùn jù. Èkejì, kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ̀gbọ́n wá sílé wa. Ó ń fọwọ́ wọ́ ògiri bọ̀ láti ìkóríta, mo dúró lójú fèrèsé tí mò ń bá a ka gọ́tà. Ìyá wọn gbé bàsíà ìfọṣọ kalẹ̀, ó bu omi kún un. Ẹ̀gbọ́n so ẹja irọ́ mi mọ́ okùn, ó jù ú sí i, ó fà á. Ó lọ sísàlẹ̀ bí òkò, ó sì sùn síbẹ̀.

"Ó ti kú," Ìyá wọn ní.

"Kò kú," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Wọn ò tíì bí i ni."

Ó ní òwú pọ̀ jù, ọ̀dà pọ̀ jù. Mo ní nítorí kí ó má baà tú ni.

"Kọ́má, ò ń dì í bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn-àjò. Ẹja kì í ṣe ẹrù. Tó bá tú lẹ́yìn tí ẹja ti gbé e, kí ló kàn mí? Kó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ná."

Ó jẹun dáadáa. Àmọ́ ó na ọwọ́ sí ife lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyá wọn ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń tú ọ̀kan.

"Kí ló ṣe ìyẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀, ìdí tí mo fi ń tú u gan-an nìyẹn.

Ó fa àga, ó jókòó. "Bàbá wọn, ṣé ọkọ̀ ojú irin yẹn lẹ ṣì ń dúró dè?"

Mo mọ èyí tó ń sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ẹni tó ń to lẹ́tà fi mẹ́fà sí ibi tí mẹ́sàn-án yẹ kí ó wà, nínú ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin. Mo kà á, mo fọwọ́ sí i. Obìnrin kan dé ibùdókọ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó dúró nínú òjò pẹ̀lú àpótí méjì títí di mẹ́sàn-án. Ó wá bá wa níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ẹni tó kà á ni. Wọ́n nawọ́ sí mi. Ó wò mí, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ì bá jẹ́ pé ó bú mi.

Mo tú ẹja irọ́ náà tán.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo di ọ̀kan lónìí kí omi tó hó lórí iná, torí Ìyá wọn fẹ́ gba tábìlì rẹ̀. Mi ò ráyè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó gbé e lé ètè, ó fẹ́ ẹ. Irun rẹ̀ ṣí, ó sì pa dé.

"Ó mí," ó ní. Ó tún fẹ́ ẹ. "Ta ló bá ọ dì í?"

Inú mi dùn débi pé mo ra ọsàn lọ́nà. Kí n tó dé ilé mo ti ń rò ó pé bóyá òwú rẹ̀ kò tó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìwọ̀ ti gbówó lórí, ìlọ́po méjì ti èṣí. Mo ra márùn-ún péré.

Ẹ̀gbọ́n forí gbá férémù ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá fún ogójì ọdún. Ó ní ilẹ̀kùn ló ṣí kúrò. Mo na ìka sókè, mo ní mélòó ni.

"Ìka? Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ọkàn mi já. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bomi mu. Ṣùgbọ́n kò sọ iye ìka náà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ mẹ́fà láìsí òjò. Mo dá lọ wo odò. Omi ti ń mọ́, mo rí òkúta nísàlẹ̀ níbi tó jìn dé orúnkún. Ẹja wẹ́wẹ́ ti wọ etí odò, wọ́n pọ̀ lọ súà. Bí mo ti ń wò wọ́n, nǹkan ńlá kan yí lábẹ́ wọn, gbogbo wọn sì fọ́n ká bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjìlá. Mẹ́fà ló wà nínú agolo, gbogbo wọn ni Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́, gbogbo wọn ló mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀gbọ́n ní Àbámẹ́ta ni a máa lọ sódò. Tí òjò bá rọ̀ ṣáájú, omi á dàrú, ó parí nìyẹn. Mò ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó sá aṣọ.

Ẹtì, ọjọ́ keje

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́sàn-án yìí mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, kí n kàn wò wọ́n. Orí èkínní wọ́. Mo tú u. Mo wá fi èkejì wé ẹ̀kẹta, wọn kò dọ́gba. Nígbà tí Ìyá wọn fi máa ti ìta dé, mẹ́rin ti di ìwọ̀ lásán, irun wọn sì ti gé kékeré, kò ṣe é lò mọ́.

Ó wo orí tábìlì. Ó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Àgádágodo. Alágbàfọ̀ ní ó lọ kí ìyá rẹ̀, ó di Ajé.

Méjì ló kù. Mi ò sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Méjì á tó. Ó gbọ́dọ̀ tó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òjò kò rọ̀. A kúrò nílé ní kùtùkùtù. Láti ibi tí awakọ̀ já wa sí, Ẹ̀gbọ́n di apá mi mú, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Ó mọ ibi tí òkúta pẹlẹbẹ wà ju èmi tí mo ríran lọ.

Ó dúró kí oòrùn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi mọ́ gaara. Bó ṣe ju ìwọ̀, à fi bí ẹni pé ìgúnpá rẹ̀ ní ojú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó há sí gbòǹgbò igi lábẹ́ omi, okùn já. Ọ̀kan lọ.

Èkejì ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ń rí i. "Òun nìyẹn," ó ń sọ, "òun ló ń bọ̀ yẹn, funfun, òun nìyẹn." Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sún mọ́ etí òkúta jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni omi fọ́ gbàù, ọ̀pá ìpẹja tẹ̀, okùn sì já níbi tí òun fúnra rẹ̀ so ó.

Ó ká okùn tó kù wọlé.

"Ó tóbi?"

"Ó tóbi."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"Èmi ò rí i." Kò gbé ohùn sókè. "Fún mi ní òmíràn."

"Kò sí mọ́."

"Mẹ́fà ni mo fi ẹnu fẹ́ níjọ́sí."

"Mo tú mẹ́rin."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n."

Ó jókòó lórí òkúta. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ ẹ́ sẹ́nu. Oòrùn ń gòkè, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ padà, tó bá sì ti tàn tán, kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú agolo?"

"Ìwọ̀. Òwú. Sísọ́ọ̀sì."

"Irun ńkọ́?"

"Onídìrí rìnrìn-àjò."

Ó gbé àgbọ̀n sókè sí mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tipẹ́, ó gùn dé bọ́tìnnì àkọ́kọ́.

"Gé e."

"Ẹ̀gbọ́n…"

"Yóò hù padà. Gé e, Kọ́má, oòrùn ò ní dúró dè wá."

Mo gé e. Fáìsì wà nílé lórí tábìlì. Mo gún ẹnu ìwọ̀ mọ́ kọ́ọ̀kì ìgò omi wa, Ẹ̀gbọ́n di kọ́ọ̀kì náà mú fún mi láàárín ìka méjì. Òwú, irun, òwú. Mo fi àyè sílẹ̀ níwájú. Kò sí ọ̀dà, itọ́ ni mo fi rẹ́ ẹ. Irùngbọ̀n le ju irun onídìrí lọ, gbogbo rẹ̀ wọ́ sí apá òsì, kò sì sí ohun tí mo lè fi kun ojú fún un. Nínú gbogbo èyí tí mo ti dì láti oṣù tó kọjá, òun ló burẹ́wà jù.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n tún apá òsì yẹn ṣe. Ó ti gbà á. Ó gbé e lé ètè, ó fẹ́ ẹ.

"Mo mọ ẹni yìí," ó ní.

Ó jù ú. Kò sí nǹkan. Ó tún jù ú, kò sí nǹkan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń bọ̀, ó ń fì sí òsì bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, mo sì rí òjìji kan tó gbéra nísàlẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó tún ti dé etí òkúta. Mo fi ọwọ́ kan bo ẹnu ara mi, mo fi èkejì di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Ẹja náà gòkè. Ó yí, gbogbo ikùn rẹ̀ sì funfun sókè nínú omi.

"Mo rí i," Ẹ̀gbọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lójú pópó. Ìgbà náà ló tó fa ọ̀pá.

Ó gùn láti ìgúnpá mi dé orí ìka. Ẹja irọ́ há sí igun ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ wá a, ó yọ ọ́, ó sì fi ètè yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fọ ẹ̀jẹ̀ ẹja kúrò lára rẹ̀. Ó ní irun díẹ̀ ti lọ. Òwú kò tú.

Ó sùn nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Èmi ń bá awakọ̀ ṣọ́ ọ̀nà.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Onídìrí ti dé. Mo mú ẹja irọ́ náà lọ hàn án bó ṣe ní kí n ṣe. Ó ní irun ta nìyí, mo sọ fún un. Ó ní kí n sọ fún onírùngbọ̀n náà kí ó yà sọ́dọ̀ òun kí wọ́n tó gbé e wọ ilé ìwòsàn, pé òun ti rí i lójú ọ̀nà láàárọ̀, ẹni tó gé e kò ní àánú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó fẹ́ mú ẹja irọ́ dání. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣe é ṣe, ìwọ̀ wà lára rẹ̀. Ó bá fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ọwọ́ mi dé lé e lórí.

"Bí mo ṣe gbé e fún ọ yìí ni mo fẹ́ bá a, Kọ́má."

Ó ti kọjá mọ́kànlá. Wọ́n ní wákàtí kan péré ni. Kò sẹ́ni tó jáde. Ìyá wọn ti sùn lórí àga tó le yẹn, àpò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Mo ti ka ara ògiri tán, àṣìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀.

Ìparí òwú kan yọrí díẹ̀ lẹ́yìn orí ẹja irọ́ náà. Mi ò rí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí mo bá fi èékánná fà á, gbogbo rẹ̀ á tú wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì lè dì í padà kí wọ́n tó gbé Ẹ̀gbọ́n jáde, kí apá òsì má wọ́ mọ́. Òwú wà lápò mi. Sísọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ. Ó mí.

Mo tẹ̀ ba, mo rọra ṣí àpò Ìyá wọn, mo fi òwú àti sísọ́ọ̀sì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ ìnujú, mo sì pa á dé.